Ojú Rí I, Ẹnu Kò Sọ Ọ́: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn lórí VAR ní Àjàó Estate

Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá a máa lọ sí ojúbọ, wọn a lọ sí ààfin, wọn a sì lọ sí ibi tí àwọn ọdẹ bá ti ń ṣe ìpà fún ẹgbẹ́ wọn tí ó kú. Ohun tí wọ́n ń wá lọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń rojọ́ lónìí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹlẹ́rìí, bí wọ́n ṣe ń fi òwe ti ẹjọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu alátakò mú un, kí ó lọ sí Àjàó Estate, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá gbá irú ìdíje tí ẹni tí ó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò níbẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í sì í ṣe ti gbèsè. Ẹjọ́ rẹfirí ni, àti ti ẹ̀rọ àtúnwò tí gbogbo ayé ń pè ní VAR.

Àdúgbò náà kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ariwo ọkọ̀ òfurufú a sì máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu níbẹ̀. Yorùbá ń gbé ibẹ̀, Ìgbò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà mìíràn náà sì wà. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá fi lè gba inú pijin kọjá kí ó tó padà sí Yorùbá. Ní alẹ́, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni ilé ẹjọ́: bẹ́ǹṣì gbọọrọ, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán méjì tàbí mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ tí ń ké lẹ́yìn ilé, àti ẹni tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀, ẹjọ́ náà á ṣí lọ sí ìdí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn tí kò ní ra ìwé ti ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan nínú wọn ti ta tẹ́tẹ́ lórí eré náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ díwọ̀n ọ̀rọ̀ irú wọn ní láti kọ́kọ́ yọ iye owó tí wọ́n pàdánù kúrò nínú rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Àwọn ará Àjàó Estate ń ti irú kóòtù yìí bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń padà sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí VAR yí padà nínú ọ̀rọ̀ wọn ní láti padà sí ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000. Ní pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè, ní Èkó níhìn-ín, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gbá àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Kamẹrúùnù ti fi góòlù méjì ṣíwájú kí Raphael Chukwu àti Jay-Jay Okocha tó dá méjèèjì padà, ọ̀rọ̀ sì di gbígbá pẹnáritì. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù ba igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ta jáde. Mourad Daami, rẹfirí tí ó ti Tùnísíà wá, ní kò wọlé. Kamẹrúùnù borí pẹ̀lú 4 sí 3. Nígbà tí wọ́n tún àwòrán náà fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, àwọn tí ó jókòó sílé rí i pé bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà kí ó tó ta jáde.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní yàrá rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń dájọ́. Nítorí náà ni ẹjọ́ ọdún 2000 fi rọrùn láti rò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé e ró: ojú mi ni ó ṣe. Ẹni tí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀ ti parí ẹjọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè òfin, nítorí pé kí bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tàbí kí ó má kọjá kò gba àlàyé. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Frank Lampard ti England nígbà tí wọ́n ń bá Jámánì gbá ní Bloemfontein ní 2010, gbogbo ayé figbe ta, àwọn aláṣẹ FIFA sì gba ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìlà góòlù wọlé ní 2012. Èkó ti ṣọ̀fọ̀ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí England tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ní 2018 ni wọ́n kọ VAR sínú òfin bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì lò ó ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Rọ́ṣíà. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ó lè dá sí: bóyá góòlù wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́, bóyá pẹnáritì ni, bóyá káàdì pupa tọ́ sí ẹnìkan lójú ẹsẹ̀, àti bóyá rẹfirí fìyà ẹni tí ó ṣẹ̀ jẹ ẹlòmíràn. Àwọn kan rò pé àríyànjiyàn yóò tán. Kò tán, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó yí padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ní Radès ní Tùnísíà, nínú àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Áfíríkà, rẹfirí fagi lé góòlù tí Wydad ti Casablanca gbá sínú ilé Espérance ti Tunis. Àwọn Wydad ní kí ó lọ wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ̀, wọn kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní ayé àtijọ́, rẹfirí tí kò rí nǹkan jẹ́ ènìyàn bí ènìyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣèlérí ojú kejì fún un, àìrí rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Eré tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ fún àwọn ará ilé wa ni èyí tí Nàìjíríà bá Gúúsù Áfíríkà gbá ní Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹni tí ó bá borí ni yóò lọ sí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. William Troost-Ekong ti gbá pẹnáritì kan wọlé fún Nàìjíríà. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, àwọn Nàìjíríà gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ilé ara wọn, wọ́n sáré gbé e dé òdìkejì, Victor Osimhen sì tì í wọlé. Ó di 2 sí òdo. Ilé ìwòran dìde. Àwọn kan ti jáde sí títì. Nígbà náà ni wọ́n pe rẹfirí, Amin Omar ará Íjíbítì, padà. Kì í ṣe góòlù Osimhen ni wọ́n ní kí ó wò. Wọ́n ní kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì pápá, níwájú ilé Nàìjíríà, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò níbẹ̀ rárá: Alhassan Yusuf ti fi ẹsẹ̀ kọ́ Percy Tau. Góòlù di òfo, pẹnáritì di ti Gúúsù Áfíríkà, Teboho Mokoena sì gbá a wọlé. Láti 2 sí òdo, ó di 1 sí 1, láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù ti jáde kúrò lórí pápá láàrin àwọn nǹkan méjèèjì náà. Nàìjíríà padà borí nígbà tí wọ́n gbá pẹnáritì, 4 sí 2, Stanley Nwabali sì mú méjì. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nídìí eré náà, wọ́n sì kú. Lára wọn ni Dókítà Cairo Ojougboh, olóṣèlú láti Ìpínlẹ̀ Delta, àti ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìṣírò owó ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tí ó bá pe irú nǹkan báyìí ní eré ọmọdé kò mọ ohun tí ó ń wí.

Ìdájọ́ náà tọ̀nà. Ó yẹ kí a sọ èyí ní gbangba kí a tó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó takò ó wò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ ṣáájú ni òfin kọ́kọ́ ń mú, níwọ̀n ìgbà tí eré kò tíì dúró, tí wọn kò sì tíì tún un bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá fi èyí gbé àríyànjiyàn wọn yẹ̀ wò, oríṣi mẹ́ta ni ó jáde níbẹ̀, wọn kò sì dọ́gba.

Èyí tí ó rẹlẹ̀ jù ni ti ẹni tí ó ní bí góòlù bá ti wọlé, tí gbogbo ènìyàn ti yọ̀, ó ti parí. Èyí kì í ṣe ẹjọ́, ìbànújẹ́ ni. Ayọ̀ kò sọ ohun tí a jí di ti ẹni. Ẹni tí ó bá wí báyìí kò ní gbà á fún Gúúsù Áfíríkà bí ó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n kọ́ lẹ́sẹ̀.

Èkejì ní làákàyè nínú, èdè ni ó sì gbé e ró. Òfin VAR sọ pé kí ẹ̀rọ má dá sí ìdájọ́ rẹfirí àyàfi bí àṣìṣe rẹ̀ bá hàn gbangba. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú Yorùbá àwọn òǹwòran, wọ́n sì mú un le ju bí àwọn tí ó kọ ọ́ ti rò lọ. Lójú Yorùbá, gbangba kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wá. Ìta ni, níbi tí kò sí ohun tí ó lè fara pamọ́. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wá ń bèèrè pé: bí ó bá gbangba, kí ni wọ́n tún ń fa àwòrán náà síwá sẹ́yìn fún? Ohun tí ó ní kí a sún mọ́ òun, kí a dín eré òun kù, kí a wo òun láti apá òsì, kí a tún wo òun láti apá ọ̀tún, ṣé gbangba ni ìyẹn? Àríyànjiyàn yìí dára gan-an, ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin pàápàá gbọ́ ọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó da oríṣi ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá wà ní ọ́fúsáìdì, tàbí bí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà, ìwọ̀n ni a ń wọ̀n, kò sì sí ọ̀rọ̀ gbangba níbẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ kan tó láti fagi lé góòlù. Ibi tí gbangba ti ń ṣiṣẹ́ ni ibi tí ó jẹ́ ti òye, bí i bóyá ẹsẹ̀ kan kọ́ ẹsẹ̀ kejì tàbí ó kàn fara kàn án. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rojọ́ ní Àjàó Estate mọ ìyàtọ̀ yìí dáradára, ṣùgbọ́n wọn a máa gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe wọ́n láǹfààní láti gbàgbé.

Ẹ̀kẹta ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn tí kò fẹ́ràn ariwo ni ó sábà máa ń ti jáde, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ara ti rọlẹ̀. Wọ́n ní, àwọn gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ta ni ó sọ fún àwọn? Rẹfirí lọ wò ó, ó padà wá, ó fi ìka ya àpótí sínú afẹ́fẹ́, ó nàka sí ojú àmì pẹnáritì, ó tán. Ohun tí ó bá àwọn tí ó jókòó ti ẹ̀rọ sọ, àwọn tí ó wà ní ilé ìwòran kò gbọ́ ọ.

Èyí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Àṣà a máa sọ VAR di ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran: VAR ń wò ó; VAR ti gbà á padà; wọ́n ti lọ bi VAR. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí, lọ bi, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún Ifá, kò sì dájú pé àwọn tí ń sọ ọ́ ń fi ṣe àwàdà lásán. Ìfiwéra náà jinlẹ̀ ju bí ó ti dún lọ. Ẹni tí ó lọ dá Ifá kì í sọ ohun tí ó bá wá fún babaláwo. Babaláwo á máa ki ẹsẹ lẹ́yìn ẹsẹ, ẹni tí ó wá ni yóò sì mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ń fi àwòrán hàn láti igun kan dé òmíràn, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni yóò sọ pé eléyìí ni. Nítorí náà, àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ni ó dá ẹjọ́ Bouaké kò tọ̀nà. Ènìyàn ni ó dá a. Ṣùgbọ́n ní ìdí Ifá, gbogbo ẹsẹ náà ni a ń fi ẹnu kì jáde, etí sì ń gbọ́ ọ. Ní ti VAR, ojú nìkan ni wọ́n fún àwùjọ.

Ẹjọ́ ilé Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ó bá jókòó láti dájọ́ kì í wulẹ̀ nàka sí ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó sì dìde. Yóò tún ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sọ, láti fi hàn pé òun gbọ́. Yóò sọ ibi tí ẹnìkínní ti rìn ín ire àti ibi tí ó ti kọsẹ̀. Ẹni tí ó jẹ̀bi pàápàá yóò mọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó tú ká. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá wá gbọ́ ti ẹni méjèèjì, tí a kò sọ ohun tí a gbọ́, ẹni tí ó wà lóde kò lè mọ̀ bóyá a gbọ́ tàbí a kò gbọ́. Ariwo tí ń tẹ̀lé àtúnwò ní Àjàó Estate kì í ṣe àìnígbàgbọ́ nínú ojú. Àwọn òǹwòran ló ń fi ẹnu ara wọn pèsè ìdí tí adájọ́ kò sọ, olúkúlùkù sì ń pèsè èyí tí ó wù ú.

FIFA ti ṣe díẹ̀ nínú àtúnṣe náà. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin ní Australia àti New Zealand ní 2023, àwọn rẹfirí fi ẹnu ara wọn kéde ìdájọ́ tí wọ́n bá ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀, sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èrò pápá. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni, kò sì kún tó ti àgbà ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, ìfura ni ó ń wọlé. Wọ́n ti rà á: gbólóhùn yìí ni ó burú jù nínú gbogbo àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù, kì í ṣe nítorí pé kò lè jẹ́ òótọ́ láé, bí kò ṣe nítorí pé kò nílò ẹlẹ́rìí, a kò sì lè dá a lóhùn. Ó ń pa ẹjọ́. Nígbà tí Nàìjíríà bá Gánà gbá láti mọ ẹni tí yóò lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2022, rẹfirí fún Nàìjíríà ní pẹnáritì ní Kumasi ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ó wo àwòrán, ó sì gbà á padà. Ní Abuja, ní ọjọ́ 29, àwòrán yìí kan náà ni ó fún Nàìjíríà ní pẹnáritì tí Troost-Ekong gbá wọlé. Góòlù tí Thomas Partey ti kọ́kọ́ gbá wọlé ni ó gbé Gánà lọ, kò sì sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ èrò ya wọ pápá, wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ní Rabat ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Kóńgò ti Kinshasa lé Nàìjíríà kúrò lójú ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé pẹ̀lú pẹnáritì 4 sí 3, olùkọ́ni Nàìjíríà, Éric Chelle, fúnra rẹ̀ ni ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń ṣe oògùn. Kò sí igun tí ẹ̀rọ lè ti wo èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn òǹwòran ń bínú sí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní Rabat kan náà, àwọn obìnrin Nàìjíríà gbá àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà pẹ̀lú Mòrókò. Mòrókò ti fi góòlù méjì ṣíwájú. VAR rí i pé bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ará Mòrókò, pẹnáritì, Esther Okoronkwo gbá a wọlé. Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di méjì sí méjì. Nígbà tí ó yá, rẹfirí ní bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ará Nàìjíríà, ó fún Mòrókò ní pẹnáritì, ó lọ wo àwòrán, ó sì gbà á padà. Jennifer Echegini gbá ẹ̀kẹta wọlé, ife di ti Nàìjíríà pẹ̀lú 3 sí 2. Àwọn Mòrókò bínú. Ní Èkó, VAR di ẹni iyì.

Bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ méjèèjì yìí ṣe ń jáde lẹ́nu Yorùbá ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gírámà fetí sí. Bí ó bá jẹ́ ti alátakò, wọn a ní: ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni wa, wọn a ní: bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́. Nínú gbólóhùn kìn-ín-ní, agbábọ́ọ̀lù ni olùwà, òun ni ó ṣe nǹkan, ọwọ́ sì jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Nínú èkejì, bọ́ọ̀lù ni olùwà. Ènìyàn wulẹ̀ dúró ni, nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí òfin bọ́ọ̀lù fi ọ̀pọ̀ ìlà ṣàlàyé, bóyá ọwọ́ ni ó lọ bá bọ́ọ̀lù tàbí bọ́ọ̀lù ni ó wá bá ọwọ́, bóyá ẹni náà na apá sí ibi tí kò yẹ, Yorùbá ti fi ipò olùwà dá a lẹ́jọ́ kí rẹfirí tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá yan gbólóhùn rẹ̀ ti yan ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn kan wà lórí bẹ́ǹṣì Àjàó Estate tí wọ́n mọ èyí, tí wọ́n sì ń fi mú alátakò wọn: bí ẹnìkan bá ní bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́, wọn a bi í pé, níbo ni ọwọ́ náà wà nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀? Ẹni náà á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi apá ara rẹ̀ ṣàpèjúwe, àwọn tí ó kù á sì sún bẹ́ǹṣì sẹ́yìn fún un.